Andromeda, Ọmọ Ọba Etiópíà, Lójú Àwọn Ọlọ́lá Florence

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Àwòrán tí ẹ ń wò yìí wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Uffizi, nílùú Florence ní Ítálì, Piero di Cosimo ló sì kùn ún sára pákó ní nǹkan bí ọdún 1510 sí 1513. Ẹ wo apá òsì: ọmọbìnrin tí wọ́n so mọ́ kùkùté igi létí òkun, tó ń yí ara kúrò lọ́dọ̀ abàmì ẹranko tó fẹ́ pa á jẹ, Andromeda nìyẹn.

Ìtàn àwọn Gíríìkì sọ pé ọmọ Cepheus, ọba Etiópíà, ni. Cassiopeia ìyá rẹ̀ ló fọ́nnu pé ẹwà àwọn ọmọbìnrin inú òkun kò tó ti ilé òun. Inú bí òrìṣà òkun, ó rán ìkún omi àti ẹranko yìí sí wọn. Ìyá ló sọ̀rọ̀, ọmọ ni wọ́n so mọ́lẹ̀. Akọni kan, Perseus, tó ń fò bọ̀ láti ibi tó ti pa Medusa, abàmì obìnrin onírun ejò, ló gbà á sílẹ̀ tó sì fi í ṣaya.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Piero ya Perseus: lójú ọ̀run, lórí ẹ̀yìn ẹranko náà pẹ̀lú idà lókè, àti láàárín àwọn tó ń yọ̀ lápá ọ̀tún, tí wọ́n ń fi ewé juwọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ewé yẹn. Ewé igi laurel ni, òun sì ni àmì ìdílé Medici, àwọn alágbára tó ń darí Florence, láti ayé Lorenzo Ọlọ́lá, olórí wọn, torí pé orúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ igi náà jọra létí. Wọ́n lé ìdílé yìí kúrò nílùú ní 1494. Nígbà tí wọ́n padà ní 1512, kùkùté laurel tó ń rú ewé tuntun ni wọ́n gbé kiri gẹ́gẹ́ bí àmì, bí àwa náà ṣe ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Filippo Strozzi, ọmọ ìdílé olówó mìíràn tó fẹ́ Clarice de' Medici ní 1508, ni wọ́n ya àwòrán náà fún. Mo gbà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tó sọ pé Florence ni Andromeda, àti pé àwọn Medici ni Perseus.

Ohun kan ń dùn mí níbẹ̀. Ovid, akéwì Róòmù, kọ ọ́ pé dúdú ni Andromeda, bí àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Nínú àwòrán yìí, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wà láàárín àwọn olórin tó mú ohun èlò lọ́wọ́ níwájú, ṣùgbọ́n ara ọmọ ọba funfun báláú. Ìlú tó fẹ́ rí ara rẹ̀ nínú ọmọbìnrin náà, àwọ̀ tirẹ̀ ló kùn ún.

Nígbà tó yá, Strozzi bá àwọn àna rẹ̀ jà. Wọ́n mú un lójú ogun ní Montemurlo ní 1537, inú ẹ̀wọ̀n Cosimo de' Medici, tó ń ṣàkóso Florence nígbà náà, ló sì kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1545, Cosimo yìí kan náà ní kí Cellini, oníṣẹ́ ọnà ère, fi idẹ rọ ère Perseus fún òun. Wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní gbàgede ìlú ní 1554, Andromeda sì wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣì ń dúró de ẹni tí yóò gba òun.