Kí Ló Fẹ́ Bàjẹ́? Bí A Ṣe Ń Dáná Ọjọ́ Mẹ́rin Láti Inú Ohun Tó Wà Nílé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ilé ìdáná tí ẹ ń wò yìí kò tóbi. Ó wà ní Òkè-Bààlẹ̀, ní Òṣogbo níbí, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti lù, ìbéèrè tó sì máa ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń dáná fún ìdílé ní irú àsìkò yìí ti wà nílẹ̀: kí la máa jẹ? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí gan-an ló ń ná wa lówó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ́ yóò gbé báàgì, yóò wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Ọba, yóò ra ìrẹsì àti ẹran bọ̀, nígbà tí ẹ̀wà wà nínú ike, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dúdú lọ lórí pẹpẹ, tí ewédú tó rà lánàá sì ń rọ lábẹ́ tábìlì. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ ni pé: kí ló fẹ́ bàjẹ́?

Kí a tó dá iná rárá, ẹ bá mi kó ohun gbogbo síta, títí kan èyí tó ti wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí nìyí: ẹ̀wà olóyin bí agolo mílíìkì mẹ́fà, èlùbọ́ abọ́ kan, gàrí díẹ̀, ìdajì iṣu tí ojú ibi tí a ti gé e ti ń gbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, tí méjì nínú wọn ti dúdú, ewédú ìdì kan, ẹyin márùn-ún, ẹja gbígbẹ méjì, ata lílọ̀ nínú abọ́, epo pupa, òróró díẹ̀, àlùbọ́sà kan ṣoṣo, àti ìrẹsì tí a sè lọ́sàn-án tí àwọn ọmọ kò jẹ tán. Bí àlejò bá yọjú wo inú ilé ìdáná yìí, yóò ní kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Èmi rí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́rin, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí a óò rà kún un.

Ọ̀nà tí mo ń gbà tò wọ́n kò le. Èyí tí kò ní rí ọ̀la ni mo ń gbé sí iwájú, èyí tó lè dúró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni mo ń gbé sí àárín, èyí tó lè dúró fún oṣù kan ni mo ń tì sí ẹ̀yìn. Ìrẹsì sísè, ewédú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú méjì wà níwájú. Iṣu, ata lílọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì yòókù wà ní àárín. Ẹ̀wà, èlùbọ́, gàrí àti ẹja gbígbẹ wà ní ẹ̀yìn. Ètò oúnjẹ wa ti parí nìyẹn, nítorí pé títò yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tí a óò kọ́kọ́ sè. Mo mọ àwọn tó máa ń kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, Ọjọ́ Ajé ìrẹsì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ẹ̀bà. Ìwé náà máa ń rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mọ̀wé kà, kì í dúró de Ọjọ́rú kó tó rà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìrẹsì lákọ̀ọ́kọ́, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó lè fara pamọ́ sínú ìrẹsì, tí iná ìkòkò kì í sì pa tán. Bí ìrẹsì sísè bá wà níta nínú ooru, kòkòrò náà yóò jí, yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì tu oró tí gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Nítorí náà, kò yẹ kí ìrẹsì sísè wà níta ju wákàtí méjì lọ. Èyí tí ẹ ń wò yìí, a tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kó lè tètè tutù, a sì gbé e wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, nítorí pé iná mànàmáná wà lọ́sàn-án òní, a dúpẹ́. Fíríìjì náà gbọ́dọ̀ tutù tó ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí kò bá ní iná, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe sè ju èyí tí wọn yóò jẹ tán lọ. Ní alẹ́ òní, a óò rẹ́ ìdajì àlùbọ́sà sínú òróró, a óò fọ́ ẹyin méjì lé e, a óò sì da ìrẹsì náà sí i, kí a máa rò ó títí yóò fi gbóná dé inú, tí èéfín yóò máa jáde lára rẹ̀. Oúnjẹ àwọn ọmọ nìyẹn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú méjì yẹn ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la mọ dòdò Ìkirè, tí àwọn tó ń kọjá láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀ máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lẹ́bàá títì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá dà sí ààtàn ló di ohun tí ìlú kan fi lórúkọ. Bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá dúdú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, tí kò sì rùn kíkan, ẹ jẹ́ kó wọ inú epo. Èyí tí olú bá ti hù lára rẹ̀ tàbí tó ti ń ṣomi ni kí ẹ jù nù.

Ewédú kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ já a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀ àti káún bíńtín, ẹ fi ìjábẹ̀ ja á. A óò ro ìdajì èlùbọ́ ní àmàlà fún àwa àgbà, a óò sì mú nínú ata tó wà nílẹ̀ láti fi se ọbẹ̀. Mo sì fẹ́ràn láti rántí pé èlùbọ́ náà jẹ́ ọgbọ́n àwọn tó ṣáájú wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà: bó pẹ́ bó yá, iṣu tútù yóò jẹrà, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a gbẹ, ó sì di ohun tó ń kọjá láti ọdún kan sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gàrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúnlá, tí í ṣe ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì sá sóòrùn nígbà tó pọ̀ lóko.

Ọjọ́ Ẹtì ni ti iṣu. Ìdajì iṣu kò lè dúró pẹ́, nítorí pé ibi tí ọ̀bẹ bá ti kan ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Ẹ gé ojú tó ti gbẹ yẹn kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe kí ẹ gé ìka méjì dànù. Àsáró ni mo yàn, nítorí pé àsáró kì í béèrè iṣu púpọ̀ bí iyán: omi, epo pupa, ata àti ẹja gbígbẹ kan tí a ya wẹ́wẹ́ ni yóò gbé e ró. Ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́ mọ ibi tí èèpo iṣu ń lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀ nìyí, orí ọ̀rọ̀ ata. Ata ló sábà máa ń gbé owó oúnjẹ wa sókè, pàápàá nígbà òjò tí tòmátì bá wọ́n. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó máa ń pọ̀ lọ́jà, mo ti ra odidi apẹ̀rẹ̀ kan rí nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Mo lọ̀ ọ́, mo dà á sínú ike ńlá mẹ́ta, mo kó o wọ fíríìsà pẹ̀lú omi rẹ̀, inú mi ń dùn. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin fi mọ́. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, ó ti ń hó kùṣùkùṣù bí ẹmu. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbé lọ dà sẹ́yìnkùlé, àwọn adìyẹ aládùúgbò sì jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó mi lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti lọ ata dé, iná ni mo ń gbé e lé kí n tó ronú ohunkóhun. Mi ò ní da epo sí i, mi ò ní bò ó pa. Mo máa ń jẹ́ kó hó títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí ṣíbí yóò fi máa fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ bí mo bá fà á kọjá nínú rẹ̀. Omi yẹn ló ń mú kó tètè kan. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń dín in nínú òróró tó pọ̀ díẹ̀, kí òróró náà lè léfòó bò ó lójú. Mo máa ń pín in sínú abọ́ kéékèèké, ìwọ̀n ọbẹ̀ kan nínú abọ́ kan, kó má baà jẹ́ pé nítorí ọbẹ̀ kan ni a óò ṣe máa ṣí gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má sì fi ṣíbí tí omi wà lára rẹ̀ tàbí èyí tí ẹnu ti kàn bù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la dé orí ẹ̀wà, òun ni ọba nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yìí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la óò ṣà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì rẹ ẹ́ sómi. Nígbà tó bá ti rọ̀ díẹ̀, a óò bu agolo kan sọ́tọ̀, a óò máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á nínú omi. Ẹ wo bí èèpo rẹ̀ ṣe ń ṣí tó sì ń léfòó. Ẹ ṣẹ́ omi náà dànù pẹ̀lú èèpo, ẹ bu omíràn sí i, ẹ tún ra á, títí yóò fi funfun. Gbẹ̀gìrì ọ̀la nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí agolo márùn-ún yòókù wà nínú omi di ọ̀sán, ẹ ṣẹ́ omi náà dànù, kí ẹ tó gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun: ẹ̀wà tó ti mu omi kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tó gbẹ, gáàsì tàbí èédú tí ẹ óò lò yóò sì dín kù. Ìdajì rẹ̀ ni a óò jẹ lálẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata elépo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì yòókù, tí yóò ti rà dáadáa nígbà náà. Ìdajì tó kù, kó tutù, kó wọ fíríìjì. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, a óò gbé e gbóná, a óò sì fi gàrí tútù tì í lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo tuntun, a lè re àgbàdo mẹ́rin sí i kó di àdàlú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbẹ̀gìrì yóò pàdé àmàlà èlùbọ́ tó kù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kò ní tán bí mi ò bá mẹ́nu kan kòkòrò. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kó má baà lu, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra pé oró ni. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, mo máa ń kó o kún inú kẹ́gì dé ẹnu, mo sì máa ń dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Bí ẹ̀wà, àgbàdo tàbí ẹ̀pà bá sì ti hu olú, ọgbọ́n ìṣọ́wóná kò kan ìyẹn o: oró tó wà nínú irú olú bẹ́ẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá, iná kì í sì í pa á. Ẹ dà á nù láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjà tí a óò rà fún gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí: irú, àlùbọ́sà mẹ́ta, àti ewédú ìdì kan tí yóò bá gbẹ̀gìrì lọ ní Ọjọ́ Àìkú, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí a sì ra ewédú yẹn. Ìlànà mi lórí rírà kò ju ẹyọ kan lọ: bí ohun kan kò bá mú oúnjẹ tó ti wà nílé pé, kò tíì tó àkókò rẹ̀. Fún irú àti àlùbọ́sà nìkan, kò sí ìdí tí ẹni tó wà ní Òkè-Bààlẹ̀ yóò fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ọjà Ọba tàbí Ìgbọ̀nà. Ìyá tó pàtẹ sí ìkóríta lè gbé díẹ̀ lé owó ọjà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ju díẹ̀ yẹn lọ. Ohun tí ẹ bá fẹ́ rà ní púpọ̀, bí ẹ̀wà kóńgò mẹ́wàá tàbí epo kẹ́gì kan, ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ dé ọjà ńlá.

Ní báyìí, ẹyin mẹ́ta àti ẹja kan ṣì kù nílẹ̀ tí a kò tíì fi ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rò pé ó yẹ kí n fi wọ́n sè ránṣẹ́ sí mi. Ata tó wà lórí iná lẹ́yìn mi yìí ti dákẹ́ híhó, omi rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ rò ó kó tó dì mọ́ ìdí ìkòkò.