Kí Ni Ọtí Yẹn Ń Bá A Ṣe? Ọgbẹ́ Ọkàn àti Bárakú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tòní ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, torí ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá, àwọn ìyàwó àti àwọn ẹ̀gbọ́n ń bi mí lójoojúmọ́: "Ó ti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró o, a ti ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù kan, ló bá tún padà sídìí ẹ̀. Kí la ò ṣe?"

N kò ní jókòó síbí kí n máa sọ fún yín pé igbó kò dáa, pé tramadol ń bayé jẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń lò ó gan-an mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi tọ́rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: a máa ń gba nǹkan yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, a kì í sì bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ni nǹkan yẹn ń bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ n tún un sọ, torí ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń fò ó. Iṣẹ́ wo ni ọtí yẹn ń bá a ṣe? Iṣẹ́ wo?

Àpèjúwe tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé nílé àtijọ́ rí, ilé onípáànù pupa ní Iléṣà níbí, ẹ mọ bí òjò oṣù Kẹsàn-án ṣe ń ṣe wá. Páànù ń jò, ẹ gbé garáwá síbẹ̀. Garáwá ọ̀hún ti dípẹtà, omi pupa kún inú ẹ̀, àlejò wọlé, ojú tì yín. Ni ẹnì kan bá dìde, ó ju garáwá síta, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Lóru ọjọ́ náà, òjò dé. Ẹní rẹ, ìrọ̀rí rẹ, àwọn ọmọ dìde lójú oorun. Kó tó di àárọ̀, ẹnì kan ti jáde lọ wá garáwá yẹn kiri nínú òkùnkùn. Ṣé garáwá ló ń jò ni? Páànù ló ń jò o! Garáwá kàn ń gba omi ni. Lóòótọ́, irin tó dípẹtà lè gé ọmọ lẹ́sẹ̀, kò yẹ kó pẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa gbé e kúrò, kí lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀? Ta ló máa gun òrùlé?

Awakọ̀ kan wà tí mo mọ̀ ní páàkì kan n'Ífẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó kún mọ́tò, á ti dé ìdí tábìlì oníparaga. Ẹ mọ tábìlì náà: àwọn ìgò tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí, ife kéékèèké, obìnrin tó ń fi àkísà nu ẹnu ìgò. Mo wo ọwọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń gbọ̀n débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ife lọ sẹ́nu, díẹ̀ sì dà sí i láyà. Ife kìíní lọ, ìkejì lọ. Nígbà tó máa fi kan ìkẹta, ọwọ́ ti dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè é ní páàkì. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ ẹ̀ ti gbókìtì rí lọ́nà Ìbàdàn, ọmọkùnrin tó jókòó tì í níwájú sì kú lé e lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kó tó jẹun. Ó sọ fún mi pé, "Bí n kò bá tíì mu ún, tí mo bá ti dé kọ́nà yẹn, mo máa ń gbọ́ igbe ẹ̀."

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ tí paraga ń bá a ṣe nìyẹn. Ó ń bá a di etí. N kò gbè sẹ́yìn awakọ̀ tó mutí o. Bó ṣe ń mu ún yẹn, ó lè pa ẹlòmíì sí kọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa igbe yẹn.

Nínú ọpọlọ, apá kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ké "Ewu!" ká tó ráyè ronú. Òun ló ń jẹ́ ká fò sẹ́yìn tá a bá rí ejò. Lára ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí màbo, ìyẹn ẹni tó ní ọgbẹ́ ọkàn, kì í dákẹ́ mọ́. Taya bẹ́, ó ké. Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn, ó ké. Òórùn epo bẹntiróò kàn án nímú, ó ké. Àyà á máa já, oorun á dá lójú. Ọtí ń pa igbe yẹn mọ́lẹ̀, tramadol ń pa á mọ́lẹ̀, kodíìnì náà ń pa á mọ́lẹ̀, fún wákàtí díẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń ṣí lára, igbe yẹn á padà, á tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èèyàn á wá mu sí i. Bó ṣe ń di bárakú nìyẹn.

Ìtàn kan wà tí n kì í fẹ́ fò kọjá. Dókítà kan ní San Diego l'Amẹ́ríkà, Vincent Felitti, ń tọ́jú àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fọn dáadáa gan-an ló ń sá kúrò nídìí ìtọ́jú. Ó yà á lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ó sì bá a pé púpọ̀ nínú wọn ni àgbàlagbà ti bá ṣèṣekúṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Òun àti dókítà mìíràn, Robert Anda, wá bi àwọn èèyàn tó lé ní 9,500 nípa ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó pé ọdún 18, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1998. Oríṣi ìyà méje ni wọ́n béèrè. Ẹ fetí sí èyí: tẹ́ ẹ bá fi ẹni tí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wé ẹni tí kò rí ọ̀kankan, ewu pé á di ọ̀mùtí tó ìlọ́po 7, ewu pé á máa gún oògùn olóró sára sì tó ìlọ́po 10.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tíyà jẹ ló ń di amugbó o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣi ọmọ yín dá lẹ́jọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo amugbó ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí. Ẹlòmíì, ẹgbẹ́ ló fà á. Ẹlòmíì, ẹ̀yìn ríro ni wọ́n fún un ní tramadol sí, kò sì mọ bó ṣe máa fi í sílẹ̀ mọ́.

Nílẹ̀ wa ńbí, ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò NBS gbé jáde fún 2018 sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa ló ga jù, 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá rántí ohun tí ojú àwa fúnra wa ti rí. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tó bẹ́ sílẹ̀ láti 1997 títí di 2000, a ti parí ẹ̀, a ti jọ ń náwó, a ti jọ ń fẹ́ra, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gba inú oko sá lóru ìgbà yẹn, tó bojú wẹ̀yìn tó rí ilé bàbá ẹ̀ tó ń jó, ó ti kọjá ọdún 30 báyìí. Ta ló bi í léèrè rí?

Ó dáa. Ó ti fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ sún mọ́ mi, torí ibí lẹ ti máa ń ṣì í ṣe.

Ọ̀sán lẹ ń ṣọ́, òru ló ń jà!

Ẹ gba fóònù ẹ̀, ẹ lé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ ti géètì. Ilẹ̀ ṣú, gbogbo yín sùn lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú igbó tàbí ọtí, oorun ẹ̀ lè dàrú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn nǹkan yẹn ti ń tẹ àlá mọ́lẹ̀ tipẹ́. Tí wọ́n bá ti kúrò, àlá á ya dé, á sì hàn kedere bí ojúmọmọ. Tó bá wá jẹ́ pé ohun tójú ẹ̀ rí ló ń bá a lójú oorun ńkọ́? Aago méjì òru, ó ta jí, aṣọ ti rẹ fún òógùn, àyà ń lù kì kì kì. Ilé dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè dá igbe yẹn dúró, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Nítorí náà, ẹ ṣètò òru kí òru tó dé. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti bi í pé, "Tó o bá ta jí, kí lo fẹ́ ká ṣe?" Ẹlòmíì kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ẹlòmíì fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń ké lójú oorun, ẹ má gbọ̀n ọ́n jí. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀, kì í ṣe sí i lójú. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ jẹ́ẹ́. Tó bá fẹ́ràn oríkì ẹ̀, ẹ pè é: "Àkànní, ilé lo wà. Èmi ni. Ọjọ́rú lòní." Kó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Kó fi omi bọ́jú. Kó ka nǹkan márùn-ún tó ń rí nínú yàrá síta: fáànù, bàtà, kàlẹ́ńdà, ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lára ìṣó, ike omi. Ẹ lè rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣeré. Ọpọlọ ẹ̀ rò pé òun ṣì wà ní kọ́nà yẹn. Ẹ̀ ń fi ojú àti ẹsẹ̀ ẹ̀ mú un padà wá sílé. Ẹ gbàdúrà, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan ṣèlérí fún un pé òun á gbé fóònù ní aago méjì òru, kó sì gbé e lóòótọ́.

Ohun kejì, èyí máa ń bí mi nínú. Ìpàdé ẹbí! Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ sáàárín: "Ó yá, sọ ohun tó ń ṣe ẹ́!" Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó ṣe é níbi lè wà lórí àga láàárín yín níbẹ̀.

Ẹ má fipá gba ìtàn lẹ́nu ẹ̀. Ẹ má fipá gbà á. Ó lè fi sílẹ̀ kí ara ẹ̀ sì yá láìsọ ọ́ fún ẹ̀yin rárá. Lisa Najavits, onímọ̀ kan l'Amẹ́ríkà, ti gbé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1990: bárakú àti ọgbẹ́ ọkàn, ó ń tọ́jú wọn pa pọ̀, àmọ́ bí èèyàn ṣe máa wà láìséwu lónìí ló ń kọ́kọ́ kọ́ni, kì í ní kéèyàn máa ro ìtàn náà. Látijọ́, wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ jáwọ́ fún oṣù gbọọrọ ná kí wọ́n tó dé ìdí ọgbẹ́. Pa pọ̀ ló dáa jù. Ohun tẹ́ ẹ lè sọ kò gùn: "Mi ò ní bi ẹ́. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́ láti sọ ọ́, mo wà." Tó bá sì sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Kẹ́ ẹ má sọ pé "ṣé o ò tíì gbàgbé ìyẹn ni?"

Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ńkọ́? Ẹ tún ti lu ihò tuntun sí páànù nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ewu méjì yìí, ẹ pe ará ilé kí wọ́n wá gbọ́.

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ tí kò bá tíì mutí, bíi ti awakọ̀ yẹn, KÒ GBỌDỌ̀ DÉDÉ FI Í SÍLẸ̀ NÍLÉ. Gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti lo oògùn amúnisùn bíi Rohypnol tàbí diazepam pẹ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń rọra gbà á kúrò lára.

Ìkejì: ẹni tó ti fi tramadol tàbí kodíìnì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ẹ̀ kò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá ṣubú, tó padà sí iye yẹn, ó lè má mí mọ́. Torí náà, ẹ má sọ fún un láé pé "tó o bá tún lò ó, má wọlé mi mọ́." Inú kọ̀rọ̀ ló máa lọ lò ó, kò sì ní sẹ́ni tó máa rí i. Tó bá ṣubú, ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ bángà tí àwọn ọmọ ń yìn lóṣù Kejìlá ló jọ ìró ìbọn létí ẹ̀.

N'Ífẹ̀, OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. N'Íléṣà, abẹ́ OAUTHC kan náà ni Wesley Guild Hospital wà, ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n júwe yín. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kó páálí oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, ẹ kọ iye tó ń lò lójúmọ́ àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Tó bá gbà pé kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mọ sórí oògùn nìkan. Ẹ sọ pé: "Dókítà, kì í sùn, ó máa ń ta jí pẹ̀lú ìpayà. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i tí kò tíì fẹ́ sọ. Méjèèjì la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa tọ́jú." Wọ́n á kọ ọjọ́ tó máa padà wá sínú káàdì. Ẹni tó máa ń gbé fóònù lóru yẹn ni kó bá a lọ.