Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Ti Dúró: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ìyá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ má bínú. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan gbáko, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán kan lára pátá, kó tọ dókítà lọ lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Kó má dúró de ẹ̀yìn Ojúde Ọba. Mo mọ̀ pé aṣọ regberegbe ti gbówó lọ. Kó ṣáà lọ.

Inú ilé-ọmọ ni jẹjẹrẹ tí mò ń sọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, lára awọ tó tẹ́ inú rẹ̀, èyí tó máa ń ṣí kúrò lóṣooṣù nígbà tí a ṣì ń rí nǹkan oṣù. Ó yàtọ̀ sí ti ọrùn ilé-ọmọ. Kòkòrò àrùn HPV ló ń fa tọ̀hún, òun ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ yín. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn kò dènà èyí tí mo bá wá, bẹ́ẹ̀ ni Pap smear, àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ, tí ẹ ṣe níjọ́sí kò tó láti fi sọ pé inú mọ́.

Nínú 100 obìnrin tó ní in lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, nǹkan bí 90 ló rí ẹ̀jẹ̀. Àrùn mélòó ló ń kìlọ̀ fúnni tó báyìí? Nínú 100 tó bá sì rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 9 ni tiwọn yóò jẹ́ jẹjẹrẹ. Ti àwọn yòókù lè jẹ́ ojú ara tó gbẹ, tàbí ẹran kékeré tó hù sínú ilé-ọmọ. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀.

Ìyá kan tó ń ta gaàrí wá bá mi. Ó tú àkísà àǹkárá tó ti ká sí mẹ́rin sórí tábìlì mi. Àbàwọ́n rẹ̀ kò pupa fòò, ó kàn rẹ́súrẹ́sú, omi inú rẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ní, “Dókítà, wọ́n ní mo ti padà di ọmọge.” Àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó àgbo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, wọ́n sì ń tà á fún un ní ìgò kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ti bá wọn fà á lójúkojú, n ó sì máa fà á: àgbo kò wo jẹjẹrẹ yìí sàn. Gbogbo oṣù tí ẹ bá fi ń mu ún, àrùn ni ẹ fi oṣù náà ta lọ́rẹ. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá rí i nígbà tí kò tíì kúrò nínú ilé-ọmọ, nǹkan bí 95 nínú 100 ló ń ré ọdún 5 kọjá. Bó bá ti dé ibi tó jìnnà lára, bí ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni.

Kí ló ń fà á? Estrogen ni họ́mọ̀nù tó ń mú kí awọ yẹn hù, progesterone ló ń dá a dúró. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń ṣiṣẹ́ láìsí èkejì, oko ń kún, kò sẹ́ni tó ń ro ó. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ọ̀rá ara ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú estrogen tó kù, ìdí nìyí tí sísanra jù fi léwájú. A fẹ́ràn kí obìnrin kún dáadáa nílẹ̀ yìí, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ ká máa sọ ọ́ síta. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àìbímọ rí, nǹkan oṣù tó máa ń fo oṣù púpọ̀ láti ìgbà ọmọge. Ìdílé tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń mú léraléra, kí àwọn obìnrin ibẹ̀ lajú. Ẹni tó ń lo tamoxifen nítorí jẹjẹrẹ ọmú, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó sọ fún dókítà rẹ̀ bó bá rí ẹ̀jẹ̀.

Ibí ni mo dé tí ìyá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. “Dókítà, èmi rí i lẹ́yìn Iléyá. Mo ṣe sikáànù. Wọ́n ní ìju (fibroid) ló wà níbẹ̀, awọ inú kò nípọn, kí n lọ sinmi. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?”

Rárá, Mọ̀mí. Mo pa ìwé tí mo fẹ́ kà dé, nítorí ibi tí ẹ fọwọ́ bà yìí ló ń pa wá. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé bí awọ náà kò bá ju milimítà 4 lọ, ó ṣọ̀wọ́n kí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi wádìí ìlànà náà. Ìju kì í sì í jẹ́ kí sikáànù ríran dáadáa, àwa dúdú ló sì ń mú jù. Irú jẹjẹrẹ ilé-ọmọ tó le jù, tó lè wà nínú awọ tó fẹ́lẹ́, wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín tiwọn lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 fi hàn pé nínú obìnrin dúdú 10 tó ní jẹjẹrẹ yìí, nǹkan bí 1 ni sikáànù ì bá ti dá padà sílé. Ìju fúnra rẹ̀ kì í sábà di jẹjẹrẹ, a sì máa sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Èyí tó bá ń tóbi sí i nígbà náà, ẹ fura sí i.

Ẹ ní kí wọ́n mú díẹ̀ lára awọ náà. Ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì gba ọrùn ilé-ọmọ wọlé láti fi fà á. Inú á run yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Yàrá àyẹ̀wò ni yóò sọ ohun tó jẹ́. Bí ohun tí wọ́n mú kò bá tó, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọjú, wọ́n á fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo inú. Mọ̀mí, ẹ lọ sí Ṣágámù, sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ẹ mú ìwé sikáànù yẹn dání.

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà ìtọ́jú ní ṣókí. Iṣẹ́ abẹ ló ṣáájú: wọ́n á yọ ilé-ọmọ, ọrùn rẹ̀ àti ilé ẹyin méjèèjì. Bí àrùn bá ti wọlé jìnnà, ìtànṣán ẹ̀rọ lè tẹ̀lé e, ní UCH Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, tàbí oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, carboplatin àti paclitaxel. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ, bí tirẹ̀ bá jẹ́ irú tó rọ̀, tí kò tíì wọ ẹran ilé-ọmọ, oògùn tó ń ṣe bíi progesterone lè fún un láyè díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò lemọ́lemọ́.

Bàbá kan lẹ́nu ọ̀nà béèrè bóyá ọkọ ṣì lè bá aya rẹ̀ sùn bí wọ́n bá yọ ilé-ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ojú ara kì í bá ilé-ọmọ lọ. Ẹ fún ọgbẹ́ láyè, bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù èyí gan-an ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyàwó pa ẹ̀jẹ̀ mọ́ fún ọkọ, torí náà ẹ sọ ọ́ fún wọn nílé lónìí, kí ẹ sì bá wọn wá owó ọkọ̀ Ṣágámù.