Ẹnu Ló Ní, Kò Létí: Tẹlifíṣàn, Ìgbàgbọ́ àti Àjèjì Tí À Ń Bá Jiyàn Lórí Fóònù

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ kan sọ jù. Ìbéèrè tó dá mi dúró ṣì wà níbẹ̀, torí òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Alága ti ní wákàtí kan péré ni mo ní, n kò sì ní lè kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ìgbómìnà ni mí, lọ́nà Òrò. Mùsùlùmí ni bàbá mi. Ìdílé ìyá mi, ọmọ ìjọ ECWA ni wọ́n, láti Ìgbájà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di pásítọ̀, èmi ń kírun. Bí Iléyá bá dé, òun ló máa ń bá wa di àgbò mú. Bó bá di Kérésì, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń dín ẹran. Ẹni tó bá ti gúúsù Kwara wá mọ̀ pé kò sí ohun tuntun nínú èyí. Ìdí àwo ọbẹ̀ kan náà la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn ẹ̀sìn, tí ọbẹ̀ kò sì dànù.

Tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ tí mo fojú rí, ti bàbá àgbà wa ni. Aláwọ̀ dúdú òun funfun ni, inú àpótí onígi tó ní ilẹ̀kùn ló wà. Ẹnì kan á wà níta, á máa yí òpó ọparun tí wọ́n so eriali mọ́, á máa kígbe pé, "Ṣé ó ti dé?" Àwa inú ilé á ní, "Ó kù díẹ̀! Dá a padà sẹ́yìn!" Bí àwòrán bá wá dúró, tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní "Ẹ káalẹ́ o," ìyá àgbà á sún síwájú lórí ẹní, á dá a lóhùn: "Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Àá rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kan a sọ fún un pé, "Ìyá, kò gbọ́ yín o." Ó wò wá lójú, ó ní, "Kí ló wá dé tó fi ń kí mi?"

Ìbéèrè ìyá àgbà yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí. Tẹlifíṣàn lẹ́nu, kò létí. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo máa sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ẹ sì wo bó ṣe dé ilẹ̀ wa, ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ní 1953, lẹ́yìn tí Enahoro gbé àbá òmìnira wá sílé aṣòfin l'Ékòó, tí àwọn Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sì dìde jáde, Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, lọ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ sí wọn. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV n'Íbàdàn, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣé ẹ rí i? Nítorí pé wọ́n du ọkùnrin kan ní èsì ni a ṣe dẹni tó ní tẹlifíṣàn. Ẹ̀rọ tí a tìtorí èsì gbé wá, òun náà ló wá jókòó sínú pálọ̀ wa tí kò gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó.

N kò bá wáàsí orí tẹlifíṣàn jà o. Tàfsírì inú oṣù Ààwẹ̀ tí mo gbọ́ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo jókòó gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ fún mi pé eré àwọn Mount Zion ló mú òun ronú pìwà dà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí bí ẹni tó wà nínú gíláàsì ṣe lè gbọ́ "ṣùgbọ́n" tí ẹ sọ. Bí áfáà bá ń ṣe wáàsí ní ìta Ọjà Ọba, ẹnì kan lè na ọwọ́ sókè. Ẹnì kan lè dìde kó máa lọ, áfáà á sì fojú rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. Tẹlifíṣàn kò rí ẹni tó dìde.

Nígbà tó wá jẹ́ pé ẹnì kan nìkan kọ́ ló ń wò ó, kò burú púpọ̀. Èèyàn mẹ́wàá la máa ń wà ní pálọ̀ bàbá àgbà. Tẹlifíṣàn kò létí, ṣùgbọ́n àwa ní. Ìkan sọ̀rọ̀, èkejì fèsì. Nísinsìnyí fóònù lẹnìkọ̀ọ̀kan dì mú, a sì ń sọ̀rọ̀ bíi tẹlifíṣàn tí a fi dàgbà. Gbogbo wa ti di tẹlifíṣàn kéékèèké. Ẹ lọ wo bí a ṣe ń bá àjèjì jiyàn níbẹ̀: ẹnì kan ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, ẹnì kejì fi fídíò wáàsí oníṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ránṣẹ́ sí i, ó lọ sùn. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lo tẹlifíṣàn láti fi sá fún èèyàn ni, n ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ bó bá wà níbí.

Mo mọ̀ torí pé mo ṣe é rí.

Àwa kan wà tí a máa ń pàdé lórí fóònù láti sọ̀rọ̀ nípa eré àwọn ará Íńdíà. A kò mọ ara wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ kan ń kú lọ nínú eré, ìyá rẹ̀ wólẹ̀ níwájú òòṣà, ọmọ dìde. Àwọn obìnrin wa ń kọ "Ọlọ́run tóbi" lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin kan tó ń lo orúkọ ẹyẹ wá kọ ọ́ pé: "Kò sí Ọlọ́run kankan níbẹ̀. Ẹni tó kọ eré ló wo ọmọ yẹn sàn."

Ẹ gbà mí! Wọ́n bú u. Èmi kò bú u, èmi olùkọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n mú un. Mo kọ̀wé gígùn sí i: ta ló gbé oòrùn sókè, ta ló fi omi sínú àgbọn, ẹyin ló ṣáájú ni àbí adìyẹ. Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ìlà kan péré fèsì: "Ẹ̀yin mà, ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ borí?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà, mo bi í: "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe ìyá òun. Oníwàásù kan wà lórí tẹlifíṣàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí aláìsàn fọwọ́ lé gíláàsì, kó gba ìwòsàn. Ìyá fọwọ́ lé e. Ó kó oògùn rẹ̀ dà sí ààtàn, torí pé ẹni tó ti gba ìwòsàn kì í lo oògùn mọ́. Kò pẹ́ tí rọpárọsẹ̀ fi dá a gúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó ní nígbà tí àwọn ti ibi ìsìnkú dé, òun jókòó síwájú tẹlifíṣàn náà, òun kò tàn án, àmì àtẹ́lẹwọ́ ìyá òun ṣì wà lára gíláàsì, nínú eruku. Ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti nù ún.

Ẹ sọ fún mi. Omi inú àgbọn wo ni mo fẹ́ fi dá ẹni yẹn lóhùn?

Ní 2004, àjọ NBC tó ń mójútó ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pàṣẹ pé, bẹ̀rẹ̀ láti òpin oṣù kẹrin ọdún náà, kí wọ́n yé gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde. Ariwo pọ̀. Wọ́n ní ìjọba ń bá Ọlọ́run jà. Mo fara mọ́ àṣẹ yẹn nígbà náà, mo tún fara mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti alẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ibi tí kò ti lè gbọ́ ìmí rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé ó ti sàn.

Ọ̀rọ̀ kejì, ti èdè wa. Kí là ń pe ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà? "Kèfèrí"? Láti inú èdè Lárúbáwá la ti gbà á, ẹni tó ń bọ òòṣà la sì ń fi pè. Ṣé ẹni tó ń bọ Ògún ni kò gbà pé ohun kankan wà? "Aláìgbàgbọ́"? Nílẹ̀ wa, ẹni tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì ni, torí pé Kírísítẹ́nì là ń pè ní onígbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń fi èmi tí mò ń kírun márùn-ún lójúmọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé aláìgbàgbọ́ ni mí! Kò sí orúkọ tó dúró fún ọkùnrin yẹn ní tòótọ́. Ẹni tí a kò lórúkọ fún, bú là ń bú u. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa kò bẹ̀rù láti bá òòṣà sọ ọ́ lójú: "Òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi." Ẹni tó ń sọ ìyẹn ń bi òòṣà ní ìbéèrè, ó sì ń retí èsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi Sáàmù kẹrìnlá lé wọn lórí, "Aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run kò sí," ẹ tún un kà. Ní ọkàn rẹ̀ ló ti wí i. Ta ló bi í, tó fi máa sọ ọ́ síta? Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí Ànábì Ìbúráhíìmù nínú Súrà Bàkárà. Ó ní kí Olúwa fi bí Ó ṣe ń jí òkú hàn òun. Olúwa kò ní kó jáde. Ó bi í: "Ṣé o kò gbàgbọ́ ni?" Ó ní, "Mo gbàgbọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni." Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo béèrè, ó sì gbọ́ èsì. Ìwọ tí o kò mọ nǹkan kan, o fẹ́ borí.

Àwọn kan ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kó àìgbàgbọ́ bá àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Taì Ṣólàárín, olùkọ́ tó lókìkí, sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. 1922 ni wọ́n bí i, 1956 ló dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́, 1994 ló kú. Fóònù wo ló wò? Àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ náà, kí n kàn yín díẹ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá síbi tí ìyá ẹlòmíì ti ń sọ "Àmín" láti pè é ní òmùgọ̀, tẹlifíṣàn lẹ̀yin náà. Ẹ kò létí.

Ibí yìí ni mo dé tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dìde lẹ́yìn. Alága ní ìbéèrè kò tíì kàn. Mo ní kó máa sọ ọ́.

Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní: "Ẹ̀yin mà, ẹ ní ká máa béèrè. Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bi bá wà nínú yàrá yìí ńkọ́? Bó bá fèsì, ṣé yóò rílé sùn sí lálẹ́ òní?"

Fáànù nìkan là ń gbọ́. Mo ka ìwé mi pọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ sọ, mi ò sọ wọ́n mọ́ ju èyí lọ: kí òbí jókòó ti ọmọ wo ohun tó ń wò, kí ẹ má ṣe bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ jiyàn lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ dúró di òwúrọ̀ kẹ́ ẹ tó fèsì ohun tó bí yín nínú.

Ohun tí ọmọ yẹn sọ ni pé èmi náà kò tíì gbọ́ tán. Mo rò pé torí a kò béèrè ni wọ́n ṣe dákẹ́. Ó ní ẹni tó bá dáhùn ló ń jìyà. Òótọ́ sì ni. Wọ́n mú Mubarak Bala, tó sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, ní Kàdúná ní oṣù kẹrin 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní Kánò ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí márùn-ún, oṣù kìn-ín-ní 2025 ló tó jáde. Ohun tí wọ́n ní ó kọ nípa Ànábì kò dùn mọ́ èmi Mùsùlùmí nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe èsì. Bàbá tó dáwọ́ owó ilé ìwé ọmọ dúró nítorí ìbéèrè, òun náà kò tíì fèsì.

Bàbá kan níwájú bínú: "Ṣé ká wá jẹ́ kí wọ́n máa bú Ànábì ni?"

Mo ní, "Bàbá, rárá. Ìbúni yàtọ̀, 'mi ò gbà á' yàtọ̀. Àwa gan-an ni Kùránì kọ́kọ́ kìlọ̀ fún nínú Súrà Àn-áàmù pé ká má bú ohun tí ẹlòmíì ń sìn, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́run. Ó sì ní kò sí ìfipá múni nínú ẹ̀sìn. Bí ọmọ yín bá ní òun kò gbà mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹun kẹ́ ẹ tó bi í." Bàbá kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Àsárì, bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn. Mo bá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, mo júwe ilé mi fún un. Ó dé ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì jẹ àmàlà, mo pa tẹlifíṣàn, ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó sọ, òun ló ni ín. N kò ní kọ ọ́ síbí.