Kọ̀ǹpútà Oníbọ́ọ̀dù Kan ní Ilé Iṣẹ́ Èkó: Ọ̀rọ̀ Iná Ló Ṣáájú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìlúpéjú fún àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké àti àwọn oníṣẹ́ iná nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ ṣòwò kí wọ́n tó bí mi, mo sì rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gba Ìkẹjà wá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tiyín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n wọnú ọ̀rọ̀ tààrà.

Kọ̀ǹpútà tí mo ń wí, orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ ní fífẹ̀. Raspberry Pi ni a mọ̀ jù nínú wọn. Oṣù kejì ọdún 2012 ló kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní dọ́là 35, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Orí tábìlì ni wọ́n ṣe é fún. Àwa wá ń gbé e lọ sílé iṣẹ́ kó máa bá wa ka ọjà, kó sì máa ṣọ́ ẹ̀rọ, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, tí eruku ti ń fò, tí iná ń lọ tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé ọpọlọ bọ́ọ̀dù yìí kì í sábà dá iṣẹ́ dúró l'Ékòó. Iná tó ń wọ̀ ọ́, ibi tó ń kọ nǹkan pamọ́ sí, àti wáyà tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ló máa ń dá iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó fowó ra èyí tó yára jù lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ náwó sí àwọn nǹkan tó yí i ká.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ. Ẹnì kan á sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbóná díẹ̀, wọ́n á wá yí iná sí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, bọ́ọ̀dù ti kú. Bí iná bá sì padà dé, tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àti mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ńláńlá bá ta lẹ́ẹ̀kan náà, iná á tún lọ sílẹ̀. Raspberry Pi 4 ń fẹ́ fóòtì 5 pẹ̀lú ámípù 3. Ti Pi 5 tó ámípù 5. Bí fóòtì yẹn bá já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4.63, bọ́ọ̀dù á mọ̀ ọ́n lára, àmì mànàmáná á yọ lójú ẹ̀rọ ìwòran rẹ̀. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ ìwòran ńkọ́? Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gbogbo ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ẹ tẹ àṣẹ vcgencmd get_throttled ránṣẹ́ sí i láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá dáhùn pé 0x0, àlàáfíà ni. Bó bá jẹ́ 0x50000, iná ti rẹlẹ̀ rí látìgbà tí ẹ ti tàn án, ó sì ti dín eré rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bú ẹni tó kọ ètò orí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ṣájà fóònù tí wọ́n rà lójú títì ni ọ̀daràn.

Èyí tó yẹ iṣẹ́ ni ẹ̀rọ iná fóòtì 24 tí wọ́n ń dè mọ́ irin mìlímítà 35 nínú àpótí iná, irú èyí tí ẹ̀yin oníṣẹ́ iná ti mọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ṣíìpù kan sọ fóòtì 24 yẹn di 5. Ẹ fi bátìrì kékeré sí àárín, kó lè gbé bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló kù, èyí tí á máa sọ fún bọ́ọ̀dù pé iná ti lọ, kó palẹ̀ mọ́ kó sì pa ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bátìrì á wà níbẹ̀, á tán, bọ́ọ̀dù á sì kú ikú òjijì náà ni.

Ìdí tí ikú òjijì fi burú ni mẹ́mórì káàdì tí bọ́ọ̀dù ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Ó dà bí ìgbà tí akọ̀wé ń kọ iye owó sínú ìwé, tí ẹnì kan já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òǹkà ò tíì pé. Nígbà tí iná bá dé, bọ́ọ̀dù lè má lè tan mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́: iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sórí ibì kan nínú káàdì níwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kì í yéé kọ nǹkan tọ̀sán-tòru. Ẹ ti orí káàdì náà pa kó jẹ́ kíkà nìkan. Ètò Raspberry Pi ní ọ̀nà tí a fi ń ṣe é. Ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìròyìn iṣẹ́ yín. Ayédèrú káàdì sì pọ̀ lọ́jà, tí ohun tó ń gbà kò tó iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ètò kan wà tó ń jẹ́ f3, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi yẹ káàdì wò kí ẹ tó gbé e wọ ilé iṣẹ́.

Ẹ tún tan aago aṣọ́nà inú ṣíìpù rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ètò bá dákú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, á tún un tàn fúnra rẹ̀.

Ó kan wáyà. Ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ìsọlọ̀, mo dúró ti sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ọ̀rá omi. Bí ọ̀rá kan bá ti já bọ́, iná pupa tín-ín-rín kan á ṣẹ́jú lára rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló jáde níbẹ̀: búráùn, búlúù, dúdú. Búráùn àti búlúù ń gbé iná, dúdú ń gbé ìròyìn, ìròyìn náà sì jẹ́ fóòtì 24. Ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tí a ń so wáyà mọ́, kò gbà ju fóòtì 3.3 lọ. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ ti sun bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ṣíìpù kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìròyìn kọjá láàárín wọn, iná tọ̀hún ò ní kan tibí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ̀rọ bá jìnnà, ẹ lo RS-485, ọ̀nà ìfìròyìn ránṣẹ́ lórí wáyà, tó lè rin mítà 1,200 bí eré rẹ̀ kò bá pọ̀. Modbus, èdè tí ilé iṣẹ́ Modicon gbé jáde lọ́dún 1979, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣì ń sọ lórí irú wáyà yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe púpọ̀ fún títà, ẹ wo Compute Module ti Raspberry Pi. Ti ìran kẹrin, tó jáde ní 2020, jẹ́ mìlímítà 55 sí 40. Ọpọlọ nìkan ni, ẹ̀yin lẹ máa ṣe bọ́ọ̀dù tó máa jókòó lé. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti lẹ ibi ìkópamọ́ mọ́ lára, kó má sí káàdì tí ẹnikẹ́ni máa yọ. Àwòrán bọ́ọ̀dù tí Raspberry Pi fúnra wọn ṣe fún un wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú KiCad, ètò tí a fi ń ya àwòrán bọ́ọ̀dù: ẹ yọ ohun tí ẹ ò lò kúrò, ẹ fi ẹ̀rọ iná tiyín àti RS-485 sí i. Bí yóò bá ní wáyálẹ́ẹ̀sì, àṣẹ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ń bẹ lọ́nà, ẹ má fojú fò ó.

Ẹ̀yin ará Àpápá àti Erékùṣù, atẹ́gùn òkun ń jẹ bàbà. Ẹ fi ọ̀dà ààbò kun bọ́ọ̀dù, àyàfi ojú ibi tí wáyà ń wọ̀. Ẹ má sì dé e pa sínú àpótí láìwá ibi tí ooru máa gbà: bí ṣíìpù bá gbóná dé 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣíìpù fara kan àpótí alumíníọ́ọ̀mù, kí ara àpótí máa tú ooru náà dànù.

Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì wá bi mí bóyá òun náà nílò gbogbo èyí. Mo ní, "Màmá, ẹ má tíì ṣe bọ́ọ̀dù tiyín. Bọ́ọ̀dù ọjà, sẹ́ńsọ̀ tútù kan, àti módẹ̀mù onísíìmù ti tó. Ẹ jẹ́ kó lo àkókò òjò kan tán ná." Wọ́n ní, ṣé á lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn bí iná bá lọ lóru? Mo ní á lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i pé bátìrì tó ń gbé bọ́ọ̀dù ń gbé módẹ̀mù náà. Bí módẹ̀mù bá kú, bọ́ọ̀dù á mọ̀ pé ẹja ti ń yọ́, kò ní rí ọ̀nà sọ fún ẹnikẹ́ni.