Orin Wo Lò Ń Gbọ́, Ta Ló sì Kọ Ọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀rẹ́ orin sọ ní Kàbbà lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo ti yọ gbogbo ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò.)

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Kí n tó sọ nǹkan kan rárá, ẹ bá mi yọ fóònù yín jáde. Ẹ má wò mí bí olùkọ́ tó fẹ́ tú àpò ọmọ iléèwé. Ẹ lọ síbi tí orin wà, kí ẹ wo orúkọ èyí tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn. Ká má parọ́ o. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá bi èèyàn léèrè ohun tó ń gbọ́, orin tó máa bu iyì kún un ló máa ń dárúkọ. Á ní Haruna Ishola lòun ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ orin ìpolówó ọṣẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀ láti àárọ̀.

Arákùnrin tó wà níwájú yìí ti fi tirẹ̀ hàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: AUD-20190804-WA0007. Orúkọ orin nìyẹn! Ẹ bá mi kí bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní orin náà dùn, ọ̀rẹ́ òun kan ló fi ránṣẹ́, òun náà sì ti fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà. Ta ló kọ ọ́? Kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ tó fi ránṣẹ́ ńkọ́? Òun náà ò mọ̀.

Ohun tí mo bá wá lónìí ò ju ìyẹn lọ. À ń ju orin síra wa, a ò fún ara wa lórin mọ́.

Nígbà tí àwa ń dàgbà, Ìlọrin ni olú ìlú wa. Abẹ́ Kwara la wà láti 1967 títí di oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ sáré ìwé ní Ìlọrin, orin dàdàkúàdà Ọdọláyé Àrẹ̀mú ló máa ń bá a bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ti Èkó dé fún Kérésì, àwo jùjú ló máa wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. O ò sì lè ní o ò gbọ́. Bí aládùúgbò rẹ bá ra àwo tuntun, ìwọ náà ti rà á nìyẹn, pàápàá láago márùn-ún àárọ̀.

Ẹ fàyè gbà mí kí n pẹ́ díẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Philips ló gbé e jáde ní 1963. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni C60 àti C90: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, tàbí ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta. Ojú kan àwo ńlá máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà odidi àwo Obey kan á wọ ojú kìíní C90, odidi ti Sunny Adé á wọ ojú kejì. Àwọn tó ń kọ orin sórí kásẹ́ẹ̀tì tà mọ ìṣirò yìí lórí. Ẹ̀rọ oníhò méjì ni wọ́n ń lò. Bí oníbàárà bá ń kánjú, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, orin á máa sáré, ohùn Obey á wá dà bíi tọmọ ẹyẹ. Bó bá parí, ọ̀gá á fa bírò yọ, á kọ ọ́ sórí páálí inú ike rẹ̀: orúkọ olórin, orúkọ àwo, ojú A, ojú B. Bírò yẹn náà la fi ń yí téèpù tó bá dẹ̀.

Ẹ wo èyí tí mo mú dání. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ níbí, eyín ike kékeré méjì ló yẹ kó wà. Bí o bá ti ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan mìíràn lé e. Ṣùgbọ́n bí o bá fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò náà, ó ti tún yá nìyẹn. Inú kásẹ́ẹ̀tì yìí ni a gba orin àwọn ìyá wa sí nígbà ìsìnkú bàbá bàbá mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣẹ́ eyín rẹ̀. Àbúrò mi kan, tí bọ́ọ̀lù ti gba orí rẹ̀, ló lọ wá sẹ́lótéèpù, ó sì gba eré bọ́ọ̀lù láti orí rédíò lé àwọn ìyá wa lórí. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù parí, orin wọn ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣì ń bẹ̀ mí títí dòní. Ẹ̀bẹ̀ náà ò tíì tó.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn dáa ju tòní lọ o. Olórin ò rí kọ́bọ̀ nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ tà yẹn, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń rà á. Ṣùgbọ́n páálí yẹn wà. Ibi tí orin bá dé, orúkọ á bá a débẹ̀.

Ẹ wá wo AUD wa. AUD ni pé ohùn ni. 20190804 ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 2019 tó wọ inú fóònù. WA ni WhatsApp. 0007 ni nọ́ńbà tó fún un lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ń sọ ìtàn fóònù, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó sọ ti orin. Bẹ́ẹ̀, orin MP3 láyè nínú ara rẹ̀ tí èèyàn lè kọ orúkọ sí, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni kò kọ ọ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin sábà máa ń tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Mẹ́mórì káàdì 2GB á gba bíi 500 irú rẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń kó orin sí fóònù lẹ́bàá ọ̀nà, á kún kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ wá bi ẹni tó ni ín kó dárúkọ ogún nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ yìí, Juju Music ni mo ń gbọ́, àwo King Sunny Adé tí iléeṣẹ́ orin Island gbé jáde ní 1982. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú. Mi ò kọ "ó dùn gan-an" sí i, torí kò sẹ́ni tí kì í kọ ìyẹn. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àwọn gìtá tó ń ta ṣáṣáṣá sílẹ̀. Ẹ wá èyí tó ń fà lọ gbọọrọ, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Demola Adepoju ló ń ta á." Gìtá onípẹ́dálì ni. Wọn kì í gbé e kọ́rùn, ńṣe ni wọ́n ń tò ó kalẹ̀ bíi tábìlì, irin ló ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ló ń fi í kọ orin ìgbèríko wọn, kí ó tó wá bá gángan pàdé lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tóun ti ń gbọ́ Sunny Adé, òun rò pé dùùrù ni nǹkan yẹn. Ó ti gbọ́ ojú kan lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀. Èmi ka ìyẹn sí pé mo fún un lórin.

(Ibí ni iná ti lọ. A ní kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀, ká lè gbọ́ra.)

Ọmọ kan béèrè pé, "Bàbá, Shazam orí fóònù tó máa ń gbọ́ orin kó lè dá a mọ̀ ńkọ́? Kò ní í sọ orúkọ rẹ̀?" Ó máa ń sọ ọ́, ọmọ mi, bí orin náà bá wà lára àwọn tí wọ́n ti kó síbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló fi ń wé ohun tó ní nílé. Bí orúkọ Sunny Adé bá sọnù nínú fóònù mi, yóò rí i, torí orin yẹn wà kárí ayé. Orin tí ìyá kan dá ní àìsùn òkú ní Mopa, tí ọmọ rẹ̀ fi fóònù gbà, ibo ni Shazam á ti rí i?

Ọgbọ́n kan wà tí mo ń dá báyìí. Bí mo bá fẹ́ gba irú orin bẹ́ẹ̀, mo kọ́kọ́ ń bi àwọn àgbà, torí orin mìíràn wà tí kì í jáde lágbo. Bí wọ́n bá gbà, màá tẹ fóònù, màá sì fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀: ìlú nìyí, ìnáwó nìyí, ìyá báyìí ló ń dá a, àwọn báyìí ló ń gbè é. WhatsApp lè pa orúkọ ojú rẹ̀ dà bó ti wù ú. Ohùn mi wà nínú rẹ̀.

Arákùnrin, ẹ jẹ́ ká gbọ́ AUD yín. Ẹ gbé fóònù sínú abọ́ yẹn kó lè ròkè.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Orin obìnrin ni, kò sí ìlù, àtẹ́wọ́ nìkan. Nínú àwa ẹ̀yà Okun, ará Owé kan ní ti Ìyàgbà ni. Ará Ìyàgbà kan ní rárá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, Bùnú ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Màmá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dìde lẹ́yìn, ó ń tún gèlè wé.)

"Ẹ mú un padà sẹ́yìn díẹ̀," ó ní. "Ẹni tó gbè é lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ."