Orúkọ Ìdílé Tó Ṣọ̀wọ́n: Ibi Tó Ti Ń Wá àti Bí Ó Ṣe Ń Pòórá

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ dá lórí orúkọ ìdílé tí kò wọ́pọ̀, irú èyí tí èèyàn lè jẹ́ dàgbà kó má pàdé ẹlòmíì tó ń jẹ́ ẹ, àfi ẹbí rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Kí ló túmọ̀ sí?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n èmi a máa fi méjì ṣáájú rẹ̀: èèyàn mélòó ló ń jẹ́ ẹ, ibo sì ni wọ́n ti pọ̀ jù? Ẹni tó bá fo méjì yìí, tó sáré lọ bá ìtumọ̀, ìtàn àròsọ ló máa ń gbé bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ibẹ̀ lọ́dún 2000, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 orúkọ ìdílé ló jáde. Nínú 100 orúkọ, nǹkan bíi 65 ló jẹ́ pé ẹyọ ẹnì kan ló ń jẹ́ ẹ. Ó túmọ̀ sí pé orúkọ ọ̀wọ́n gan-an ló pọ̀ jù! Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ orúkọ ìran. Ẹnì kan ṣi lẹ́tà kan kọ, ẹ̀rọ ṣi òmíràn kà, tọkọtaya so orúkọ méjì pọ̀ di ọ̀kan, orúkọ tuntun ti dáyé nìyẹn. Ní Thailand ẹ̀wẹ̀, òfin ló dìídì sọ orúkọ di ọ̀wọ́n. Ọdún 1913 ni Ọba Vajiravudh pàṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ìdílé tó bá sì fẹ́ gba tuntun kò gbọ́dọ̀ mú èyí tí ìdílé mìíràn ti ń jẹ́. Ìdí rèé tí orúkọ wọn fi ń gùn gbọọrọ. Àwọn tó kúrú ti tán nílẹ̀. Ọba náà fúnra rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní orúkọ tó lé ní 6,000.

Àwọn orúkọ àtijọ́ tó ń tán lọ ńkọ́? Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn. Lọ́dún 1873, Francis Galton, ará Íńgílándì, gbé ìbéèrè kan sínú ìwé ìròyìn kan. Àwọn èèyàn ti ṣàkíyèsí pé orúkọ àwọn ìdílé ọlọ́lá ń pòórá, àwọn kan sì ń rò pé ìgbádùn ló ń sọ wọ́n di aláìlọ́mọ. Galton ní kí àwọn onímọ̀ ìṣirò kọ́kọ́ bá òun wò ó bóyá àkọsẹ̀bá lásán kò lè pa orúkọ run láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àlùfáà kan tó mọ ìṣirò, Henry William Watson, ló dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì gbé iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1874.

Ẹ wò ó báyìí. Níbi tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni orúkọ ti ń wá, ọkùnrin tó bí obìnrin mẹ́fà láìbí ọkùnrin kì í ṣe àgàn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kọjá orí rẹ̀. Bí ìpíndọ́gba ọmọkùnrin tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ń bí kò bá ju ẹyọ kan lọ láti ìran dé ìran, orúkọ náà á run, bó pẹ́ bó yá. Bó bá lé ní ẹyọ kan, ó lè là, ó sì tún lè run, pàápàá nígbà tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò tíì pọ̀. Watson ṣi apá kejì yìí, ó ní gbogbo orúkọ ni yóò run. Àwọn mìíràn ló wá tún un ṣe. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ará Faransé kan, Bienaymé, ti sọ èyí tó tọ́ láti ọdún 1845, kò sẹ́ni tó kà á sí.

Tó bá jẹ́ pé bí orúkọ ṣe ń kú nìyẹn, a jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé tipẹ́ ni orúkọ yóò ti kéré jù. Bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní Ṣáínà, 100 orúkọ péré ló kárí nǹkan bíi èèyàn 85 nínú 100. Ní Gúúsù Kòríà, Kim, Lee àti Park nìkan kárí èèyàn tó lé ní 40 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí mìíràn wà níbẹ̀: nígbà tí ó kan àwọn mẹ̀kúnnù láti ní orúkọ ìdílé, púpọ̀ nínú wọn mú ti àwọn ọlọ́lá. Ní Japan, ọdún 1875 ni ìjọba sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Orúkọ ibẹ̀ lé ní 100,000. Ikú orúkọ ò tíì ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní Íńgílándì, lẹ́yìn tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé gba ilẹ̀ náà lọ́dún 1066 ni àṣà orúkọ ìdílé ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ bàbá, ìnagijẹ àti ibùgbé ni wọ́n ti fà á yọ. Smith ni alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ sì wà ní gbogbo abúlé, nítorí náà àwọn Smith kò bára wọn tan ní dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi abúlé kékeré kan jẹ́ orúkọ lè jẹ́ òun nìkan. Lọ́dún 2000, Bryan Sykes, onímọ̀ nípa àbùdá ní Yunifásítì Oxford, yẹ àbùdá àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ Sykes bíi tirẹ̀ wò. Krómósómù Y, apá kan lára àbùdá tí bàbá ń gbé fún ọmọkùnrin, ló tọpa, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ló gbé oríṣi kan náà. Lọ́dún 2009, Turi King àti Mark Jobling ní Yunifásítì Leicester fi irú ọ̀nà yìí wo 40 orúkọ. Wọ́n rí i pé bí orúkọ bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣe sábà ń jẹ́ ọmọ baba ńlá kan náà tó. Attenborough, tó jẹ́ orúkọ abúlé kan ní Nottinghamshire, wà lára wọn: èyí tó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwọn ọkùnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti orísun kan wá. Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹ má tètè ṣẹ́jú síra yín. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ó wá kan ìtumọ̀. Orúkọ kan wà ní ilẹ̀ Netherlands, Naaktgeboren. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn lónìí á ní “ẹni tí a bí ní ìhòòhò” ni. Wọ́n sì ní ìtàn fún un: pé nígbà tí Napoleon, olú ọba Faransé tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, pàṣẹ lọ́dún 1811 pé kí gbogbo èèyàn fi orúkọ ìdílé sílẹ̀, àwọn kan rò pé ìjọba rẹ̀ kò ní pẹ́, wọ́n fi orúkọ yẹ̀yẹ́ ṣe é ṣẹ̀sín. Ìtàn náà dùn, irọ́ ni. Orúkọ náà ti wà nínú ìwé kí Napoleon tó dé. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ orúkọ ń ṣe ni pé ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí ẹnu àti gègé tó yí i padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà ìkọ̀wé tó pẹ́ jù lọ ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà: pé àwọn òṣìṣẹ́ Ellis Island, erékùṣù ní New York tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé, ló yí orúkọ àwọn baba ńlá wọn padà. Ìwé tí ọkọ̀ ojú omi ti kọ láti èbúté tó ti gbéra ni àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń lò. Àwọn èèyàn fúnra wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó yí i padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gúnlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń wá orúkọ ọ̀wọ́n: bóyá òun àti orúkọ tó wọ́pọ̀ kan jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́dún 1918, Robert Russell gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà kan tó ń to orúkọ bí wọ́n ṣe dún. Soundex ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lónìí; nínú rẹ̀, Smith àti Smyth ní àmì kan náà, S530.

Ọ̀wọ́n pàápàá sinmi lórí ibi tí a dúró sí. Nguyen tó gba ẹnu kan ní Vietnam kò yàtọ̀ sí àlejò ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ẹnì kan nínú àwọn olùgbọ́ béèrè bóyá orúkọ ọ̀wọ́n jẹ́ ẹ̀rí ìran ọlọ́lá, nítorí wọ́n fẹ́ ta àwòrán asà tí wọ́n fi ń ṣe àmì ìdílé ọlọ́lá fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Ní Íńgílándì, èèyàn ni wọ́n ń fún ní irú àmì yẹn, wọn kì í fún orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fún ni òun ti ṣẹ̀ ní ìdí bàbá, tàbí kó lọ tọrọ tirẹ̀ ní College of Arms, ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní kó fi owó náà gba ẹ̀dà ìwé ìbí bàbá bàbá rẹ̀.